Kílọ́ọ̀ṣì Méjì Láàárín Ọdún Kan: Àkọsílẹ̀ Ọkọ̀ Ìyá Oníṣu

Ẹjọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa ní Adó-Èkìtì kí wọ́n tó gbé mọ́tò wá. Ìyá kan tó ń ta iṣu ló ni ọkọ̀ náà, Toyota HiAce onígíà ọwọ́, tòkunbọ̀, ẹ́ńjíìnì rẹ̀ ń jẹ bẹntiróòlù. Ó ń kó iṣu, ó ń kó èrò, láti Adó gba Ìyìn, Ìgèdè àti Aramọkọ lọ sí Ẹfọ̀n Aláayè, nígbà mìíràn ó sì tún máa ń dé Òkèmẹ̀sí. Dírẹ́bà tó ń wà á kì í ṣe ọmọ rẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ débi pé "Ìyá wa" ló ń pè é. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yìí, ohun tó ń so agbára ẹ́ńjíìnì mọ́ gíà tó sì ń já a, jó, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Kí ọdún tó yí po, èyí tí wọ́n fi sí i tún ti ń yọ̀. Ìyá ní dírẹ́bà ni, pé kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ó ti ń yọ owó ti àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ ọmọkùnrin náà, ó sì ti pinnu pé ọmọ náà ni yóò san ti èkejì.

"Ọ̀gá, ẹ sáà bá mi tú u," ni Ìyá wí. "Tí ẹ bá ti tú u, ẹ ó rí i pé ọmọ yìí ni."

Dírẹ́bà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní rojọ́," ló dáhùn. "Ẹ tú u ná."

A ò tíì tú nǹkan kan. Kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí sípánà, ó yẹ kó mọ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti sọ gíábọ́ọ̀sì wọn kalẹ̀ lásán, tó jẹ́ pé ẹ́ńjíìnì ni kò lágbára mọ́. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò fara sin. Ẹ́ńjíìnì tó ti rẹ̀, bí o bá tẹ iná fún un lórí òkè, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ ni. Ti kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀, ẹ́ńjíìnì á máa ké tantan, ọkọ̀ ò sì ní yára sí i.

A wa ọkọ̀ náà síbi tó tẹ́jú, mo ní kí ọmọṣẹ́ fa hándì bíréèkì. Ó fà á dókè pátápátá, ọkọ̀ ṣì ń yí bí a ṣe ń fi ọwọ́ tì í. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ nínú ìwé, a sì fi òkúta ńlá há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Dírẹ́bà ki gíà kẹta, ó tẹ iná díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dára, ńṣe ló yẹ kí ẹ́ńjíìnì kú lójú ẹsẹ̀. Èyí ò kú. Ó ń ké lọ ni, òórùn jíjó sì ń gba abẹ́ ọkọ̀ jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré là ń ṣe irú ìdánwò yìí, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń tún un ṣe, òun gan-an ni yóò bá wọn parí ìyókù kílọ́ọ̀ṣì náà.

Pẹ́dálì ló kàn. Ìwé àwọn Toyota onígíà ọwọ́ sábà máa ń béèrè pé kí pẹ́dálì rọ̀ tó 5 sí 15 mm kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti nǹkan. Tí kò bá sí ìrọ̀ yẹn rárá, rìlíìsì bẹ́ríǹ, ìyẹn bẹ́ríǹ tó ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, á máa tẹ sípíríǹgì rẹ̀ nígbà gbogbo, àní bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dálì, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀ láìjẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ń wakọ̀. Ti ọkọ̀ yìí wà bó ṣe yẹ. Ọ́pà, pọ́ńpù epo bíréèkì tó wà lókè nídìí pẹ́dálì, kò jò; lówà, ìkejì rẹ̀ tó wà lára gíábọ́ọ̀sì, kò jò. Ó di dandan kí gíábọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀.

Fún ẹni tí kò rí inú rẹ̀ rí: fúláíwíìlì ni irin róbótó tó wúwo tí wọ́n fi bọ́ọ̀tù dè mọ́ ìdí kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjíìnì, ó ń yí níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjíìnì bá ń yí. Wọ́n de pírẹ́ṣọ̀ pléètì mọ́ ojú rẹ̀, dísìkì wà láàárín àwọn méjèèjì, eyín àárín dísìkì sì kọ́ ọ̀pá tó wọ inú gíábọ́ọ̀sì. Bí sípíríǹgì pírẹ́ṣọ̀ pléètì bá há dísìkì mọ́ fúláíwíìlì, agbára ẹ́ńjíìnì dé táyà nìyẹn. Bí o bá tẹ pẹ́dálì, ọ́pà á fi epo bíréèkì ti lówà, lówà á ti fọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀kì á ti rìlíìsì bẹ́ríǹ lu àwọn ìka sípíríǹgì yẹn, dísìkì á sì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, dísìkì àti fúláíwíìlì máa ń ha ara wọn díẹ̀ kí wọ́n tó di ọ̀kan, ìhara yẹn ló ń mú ooru wá. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ooru náà ò tó nǹkan. Lórí òkè Ẹfọ̀n, tí iṣu ti kún inú ọkọ̀, tí èrò jókòó lé e, tí tírélà kan sì tún wá dákú sí kọ́nà níwájú, fúláíwíìlì ló máa gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ooru yẹn mì.

Ìtúsílẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fà gùn. A yọ okùn bátìrì, a fi ọ̀dà sàmì sí pọ̀pélà, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn, kó lè padà sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí bí o bá yí i padà, ọkọ̀ lè máa gbọ̀n lórí eré. A fa ọ́ìlì gíà jáde kó má baà dà sí wa lórí. A gbé jáàkì sábẹ́ gíábọ́ọ̀sì, a tú bọ́ọ̀tù rẹ̀, a fà á sẹ́yìn tààrà. Ọmọṣẹ́ fẹ́ gbé rọ́bà kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, mo dá a dúró. Àwọn láíníǹ àtijọ́ mìíràn, ìyẹn ìbòjú dísìkì tó ń dì mú, ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró ni eruku rẹ̀ ń bá jà. Aṣọ tútù là fi ń nù ún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rí ló fẹ́ fẹ́ dànù.

Eruku kílọ́ọ̀ṣì máa ń gbẹ, ó máa ń dúdú, tí o bá fọwọ́ kàn án á fò. Ti ọkọ̀ yìí kò fò. Ó ti bá epo pò, ó lẹ̀ mọ́ ògiri inú ilé kílọ́ọ̀ṣì. Epo lè gba ọ̀nà méjì débẹ̀: síìlì (rọ́bà tó ń dí epo) ẹ̀yìn kíráńkì láti inú ẹ́ńjíìnì, tàbí síìlì ẹnu gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń mú ọ̀kan pààrọ̀ lórí àbá. Ìka àti imú ló mọ̀ ọ́n. Ọ́ìlì gíà nípọn, ó sì ní òórùn imí ọjọ́ tí kò ṣeé ṣì mú. Ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì dúdú, ó ṣàn, òórùn jíjó ló ní. Mo nu díẹ̀ láti ara ògiri, mo gbé e sí Ìyá nímú, mo sì tún gbé ọ́ìlì gíà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde fún un kó gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò pẹ́ kó tó mọ̀ pé ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì ni. Ibi tí rìlíìsì bẹ́ríǹ ń rìn lé gbẹ fúrúfúrú. Ẹ̀yìn fúláíwíìlì ló tutù, epo sì ti fọ́n láti àárín lọ sí etí bó ṣe ń yí.

Ẹ wá wo bọ́ọ̀tù. Èyí tó de pírẹ́ṣọ̀ pléètì ń dán lórí, ojú sípánà wà lára wọn, ìyẹn àwọn tí wọ́n tú nígbà tí wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀tù tó de fúláíwíìlì mọ́ kíráńkì ńkọ́? Ìdọ̀tí àtijọ́ ti dì lé orí wọn gbagidi, kò sí ojú sípánà kankan níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ kò kan fúláíwíìlì rárá. Ó yọ dísìkì tó jó, ó fi tuntun sí i, ó dé e. Ẹ̀yìn irin tí kò yọ yẹn gan-an sì ni síìlì tó ń jò wà.

A gbé dísìkì sórí tábìlì. Èyí ni ibi tí ẹjọ́ ti yí padà, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tí dírẹ́bà bá fi ẹsẹ̀ jẹ, láíníǹ rẹ̀ máa ń tín-ín-rín ni. A máa ń wọn bí orí ríbẹ́ẹ̀tì (ìṣó tó kan láíníǹ mọ́ dísìkì) ṣe rì sínú láíníǹ tó. Toyota ní kò gbọdọ̀ dín sí 0.3 mm. Ti èyí ju 1 mm lọ. Láíníǹ ṣì wà níbẹ̀ dáadáa, kò tíì jẹ tó kí ẹnikẹ́ni máa sunkún lé e. Ojú rẹ̀ ló ti di dúdú, tó ń dán, tó sì ń yọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò, nítorí epo ti wọ̀ ọ́ tán, ooru sì ti yan epo náà mọ́ ọn lára. Irú láíníǹ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù tí wọ́n ń fi sáńpépà ha á. Yóò dì mú fún ìgbà díẹ̀, bí ooru bá tún ti kàn án, epo inú rẹ̀ á tún jáde.

Ẹ̀rí kejì wà lórí àwọn ìka sípíríǹgì. Dírẹ́bà tó bá ń gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dálì láti Adó dé Aramọkọ, rìlíìsì bẹ́ríǹ rẹ̀ kì í sinmi, á gbẹ́ kòtò sí orí ìka wọ̀nyẹn. Bí kòtò náà bá jìn ju 0.6 mm lọ, pírẹ́ṣọ̀ pléètì ti di ohun ìdànù. Orí ìka ti ọkọ̀ yìí kàn dán lásán ni. Mo yí bẹ́ríǹ lọ́wọ́, kò ké.

"Ṣé ẹ rí i, Ìyá wa," ni dírẹ́bà sọ.

"Dákẹ́ ná," ni Ìyá dáhùn. "Wọn ò tíì parí."

Òótọ́ ni, a ò tíì parí, torí nígbà tí a nu ojú fúláíwíìlì, ohun tó wà níbẹ̀ kò gbe dírẹ́bà pátápátá. Ooru ti kun ojú irin náà ní àmì gbọ̀ǹgbọ̀n, aró dà pọ̀ mọ́ elésè àlùkò, bí ọrùn ẹyẹlé nínú oòrùn. Irin tó bá gbóná débẹ̀ tó sì tutù lójijì máa ń le ju ìyókù lọ níbi àmì yẹn. Láàárín àwọn àmì náà ni ìlà sísán wà, àwọn kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irun. Ìpa méjì tún yí ojú rẹ̀ ká, ibi tí orí ríbẹ́ẹ̀tì dísìkì àtijọ́ ti ń gbẹ́ irin. Kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ti jó kan ríbẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó yọ ọ́ nìyẹn. Dísìkì tuntun tí wọ́n wá fi sí i kò rí ojú tó tẹ́jú gbára lé. Orí ibi tó ga nìkan ló ń dì mú, ibi tó kù ń wò ó. Fi epo kún un, ta ni kò ní yọ̀?

Mo bi dírẹ́bà bó ṣe ń ṣe bí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè. Kò purọ́. Ó ní òun máa ń fi kílọ́ọ̀ṣì àti iná gbé ọkọ̀ dúró kó má baà padà sẹ́yìn lu ẹni tó ń bọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò fa hándì bíréèkì. Ó wo Ìyá kó tó dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí i fúnra yín pé kò dì mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ fún Ìyá wa pé okùn rẹ̀ ti já." Ìyá ò sẹ́ ẹ. Ó ní òun rò pé bíréèkì ẹsẹ̀ tó.

Ohun tó yẹ ká ṣe sí fúláíwíìlì ló wá kù. Ìyá ní ká fá a, ká dá a padà. Bí ojú fúláíwíìlì bá kàn ní ìpa, tàbí àmì ooru tí kò jìn, fífá rẹ̀ dára, ó sì dín owó kù. A yọ pínnì mẹ́ta tó ń tọ́ pírẹ́ṣọ̀ pléètì sójú ibi rẹ̀, a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi léètì gé irin. Ìpa ríbẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn àmì aró kò lọ: nítorí pé ibẹ̀ ti le, ọ̀bẹ léètì ń fò ó kọjá, ó sì ń fi í sílẹ̀ bíi kókó. Òkúta ìlọrin ló máa ń ká irú rẹ̀ ju ọ̀bẹ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí awọ ojú rẹ̀ ti kúrò, ọ̀kan nínú àwọn ìlà sísán ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń lọ sọ́nà ihò bọ́ọ̀tù. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.

Ìyá bínú, mo sì gbà pé ó ní ìdí, torí ó ti sanwó fífá. Mo ní kó jókòó ká ṣírò. Bí ẹ́ńjíìnì bá ń yí ní 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fúláíwíìlì ń yí ní 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ibi tí ẹ́ńjíìnì HiAce wà, abẹ́ ìjókòó iwájú ni. Irin tó sán tó bá fọ́ lórí eré bẹ́ẹ̀, páànù tó wà láàárín rẹ̀ àti ẹsẹ̀ èrò kò lè dá a dúró. Kò tún sọ̀rọ̀ fífá mọ́.

(Ẹni tó bá ní ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì òde òní láti Yúróòpù, kó má tilẹ̀ gbé e lọ síbi léètì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní fúláíwíìlì alápá méjì tó ní sípíríǹgì nínú, irú èyí tí ilé iṣẹ́ LuK ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ọjà ní 1985. Odindi ni wọ́n ń pààrọ̀ ìyẹn.)

Fúláíwíìlì tòkunbọ̀ la ní kí wọ́n bá wa mú bọ̀ láti Ládípò ní Èkó. Kí a tó sanwó tán, a gbé e ko ti àtijọ́: fífẹ̀ rẹ̀, iye ihò bọ́ọ̀tù, iye eyín ara rẹ̀ tí sítátà ń gbá mú. Eyín yẹn la wò yíká pátá. Ẹ́ńjíìnì onísílíńdà mẹ́rin sábà máa ń kú sójú ibi méjì kan náà, ibẹ̀ sì ni sítátà ti ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lè ra ìṣòro mìíràn. Dísìkì, pírẹ́ṣọ̀ pléètì àti rìlíìsì bẹ́ríǹ, tuntun la rà. Mi ò kì í fi kílọ́ọ̀ṣì tòkunbọ̀ sí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Iṣẹ́ sísọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kan náà ni fún méjèèjì.

Síìlì ẹ̀yìn kíráńkì ti le gan-an, ètè rẹ̀ ti gbó. A yọ ọ́ láìfi ohunkóhun ha irin kíráńkì, a fi ọ́ìlì pa ètè ti tuntun, a tẹ̀ ẹ́ wọlé ní dọ́gbadọ́gba. Páílọ́ọ̀tì bẹ́ríǹ kékeré tó wà ní ìdí kíráńkì náà la pààrọ̀, torí ta ló tún fẹ́ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? A de fúláíwíìlì, a gbé aago ìwọ̀n tó ní abẹ́rẹ́ sí ojú rẹ̀, a sì fọwọ́ yí i. Ó tò. Bí abẹ́rẹ́ bá rìn kọjá 0.1 mm, á jẹ́ pé ojú rẹ̀ wọ́, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n nígbà tó bá ń gbéra.

Ojú pírẹ́ṣọ̀ pléètì tuntun máa ń ní ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á kó má dógùn-ún. Tínà la fi fọ̀ ọ́ kúrò. Gíríìsì tí a fi sí eyín ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì kò ju èyí tí orí ìka kan lè kó lọ. Èyí tó bá pọ̀ jù, ojú láíníǹ ni yóò fò lọ. Dísìkì ní ojú àti ẹ̀yìn. Ibi tí ilé sípíríǹgì rẹ̀ ti yọ síta, gíábọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí o bá yí i, á kọ lu orí bọ́ọ̀tù fúláíwíìlì, kílọ́ọ̀ṣì ò sì ní bọ́ láéláé. Ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tí a tọ́jú la fi mú dísìkì dúró sáàárín gbọ̀ngbọ̀n, a wá ń fún bọ́ọ̀tù pírẹ́ṣọ̀ pléètì díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìdojúkọ rẹ̀, títí tọ́ọ̀kì sípánà, èyí tó ń wọn bí bọ́ọ̀tù ṣe fún tó, fi dún ní 19 N·m.

Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì ń padà wọlé, ọmọṣẹ́ ní ká jẹ́ kó gbára lé ọ̀pá náà díẹ̀ ká lè sinmi ọwọ́. Mo kọ̀. Gíábọ́ọ̀sì tó bá rọ̀ sórí dísìkì, bó ti wù kó kéré mọ, máa ń tẹ̀ ẹ́, wàá sì dé ojú ọ̀nà kó o tó mọ̀. Jáàkì ló gbé e títí bọ́ọ̀tù tó kẹ́yìn fi wọlé. A da epo bíréèkì tuntun sínú ọ́pà, a fa atẹ́gùn jáde láti ara lówà. A fi okùn tuntun sí hándì bíréèkì, a dán an wò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ kò mira.

A tún ìdánwò gíà kẹta ṣe. Ẹ́ńjíìnì kú lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún dírẹ́bà pé kó má kó iṣu kún inú rẹ̀ fún 500 kìlómítà àkọ́kọ́, kí ojú láíníǹ lè bá ojú irin mu, àti pé bí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè, hándì bíréèkì ni, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Ìyá gbà pé kílọ́ọ̀ṣì kejì kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà, kò sì ní yọ kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ó ní òun kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà, torí àmì ooru wà lójú irin, ẹsẹ̀ ọmọ náà ló sì fi í síbẹ̀. Dírẹ́bà ní bí hándì bíréèkì bá wà, òun ì bá tí lò ó. Wọ́n fà á síbí, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, wọ́n sì bá ara wọn pàdé lórí ìdajì, tí Ìyá yóò dá padà fún un tó bá di òpin oṣù. Lẹ́yìn náà ló ní kí a di dísìkì elépo yẹn àti síìlì tó gbó sínú àpò fún òun. Ó fẹ́ kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́ kọjá kó tó lọ sílé.